Àwọn Ìwé Tí Epo Ta Sí

                                        Ilé Sùnmọ́nù Olóbì,
                                        Òkè-Ọjà,
                                        Ìkòrò-Èkìtì,
                                        Nípasẹ̀ Ìjerò.
                                        Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kọkànlá, ọdún 1964.

Bọ́látitó, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta o. Báwo ni Ìbàdàn, báwo sì ni iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí o ń kọ́? Ṣé àwọn ọ̀gá yín ti dẹwọ́ díẹ̀, tàbí wọ́n ṣì ń fi ojú yín gbolẹ̀ bí o ti wí? Ẹsẹ̀ rẹ tó máa ń wú bí o bá dúró pẹ́ ńkọ́? Mo bẹ̀ ọ́, máa tì í bọ omi gbígbóná, kí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn má lọ di aláìsàn. Ẹ̀gbọ́n rẹ tí ò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ńkọ́, àti ìyàwó rẹ̀, àti àwọn ìbejì? Wọ́n á ti máa rìn báyìí, wọ́n á sì ti máa fọ́ nǹkan.

Ní ti ilé, ara ìyá rẹ le. Mo yà lọ́dọ̀ rẹ̀ lánàá, mo bá a níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé. Ó ní kí n kí ọ, ó sì ní kí n sọ fún ọ pé òun kò bínú mọ́ nítorí ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ ní Kérésì. Ẹnu ló fi sọ bẹ́ẹ̀ o, ojú rẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀, nítorí náà wá nǹkan fi ránṣẹ́ sí i. Bàbá mi náà ń kí ọ. Ó ṣì ń kó obì kiri láti ọjà dé ọjà, ó sì ṣì ń sọ pé ọdún yìí ni òun máa sinmi. Ara gbogbo wa dá, a dúpẹ́ fún Ọlọ́run. Inú mi nìkan ni kò dùn.

Mo mọ̀ pé o ti ń retí kí n sọ bí ilé ìkàwé wa ṣe ń lọ. O béèrè nínú lẹ́tà tó kẹ́yìn, o béèrè nínú èyí tó ṣáájú rẹ̀, èmi sì ń fi ọ̀rọ̀ mìíràn bò ó mọ́lẹ̀. O ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. Owó tí wọ́n kọ́kọ́ san fún ọ láyé rẹ ni o fi ránṣẹ́ síbi ìdáwó náà, orúkọ rẹ sì wà lára ògiri ibẹ̀ títí di òní. Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn, Bọ́látitó, a kò ní ilé ìkàwé mọ́. Ilé wà níbẹ̀, wọ́n ti kó ìwé lọ.

Jẹ́ kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ sọ ọ́, nítorí o ti kúrò nílé kí àwọn ìwé náà tó dé. O rántí bí gbogbo ìlú ṣe kọ́ ilé náà. Àwọn obìnrin pọn omi, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wa yanrìn lódò, àwọn àgbẹ̀ dá nínú owó kòkó wọn. Mùsùlùmí ṣe é, onígbàgbọ́ ṣe é, kò sí ẹni tó béèrè ta ni ó ni ín. Bàbá Bámigbóyè ni a fi ṣe alága ìgbìmọ̀. O kò lè gbàgbé tísà àgbà yẹn àti pàṣán rẹ̀ láé, èmi náà kò gbàgbé. Òun ló kọ̀wé sí àwọn òyìnbó kan ní òkè òkun tí wọ́n máa ń fi ìwé ta àwọn ìlú kéékèèké lọ́rẹ, àwọn yẹn sì dáhùn. Wọ́n ní àwọn á fi ìwé ránṣẹ́, àwọn á sì máa san owó oṣù ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀ fún ọdún kan. Kí ọdún náà tó pé, àwọn á rán ènìyàn wá wò ó. Bí wọ́n bá rí i pé ìlú ń ka ìwé náà, ìrànwọ́ á máa bá a lọ, wọ́n á sì tún fi kún un. Bí wọn kò bá rí i bẹ́ẹ̀, ó parí nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣòro. Bàbá Bámigbóyè kà á létí gbogbo ìlú, ó sì túmọ̀ rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n o mọ ilé wa. Ohun tí àwọn ènìyàn gbọ́ ni pé ẹni tó ta wá lọ́rẹ ń bọ̀ wá wo bí a ṣe tọ́jú ọrẹ náà. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, bí àna ẹni bá fún ẹni ní àwo tánganran, ta ní í fi í jẹun? Orí pẹpẹ ni à ń tò ó sí, à ń nu eruku kúrò lára rẹ̀, kí àna lè bá a bó ṣe gbé e sílẹ̀ lọ́jọ́ tó bá yà wá. Ìyá mi ní irú àwo bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé ọkọ, ọbẹ̀ kankan kò kàn án rí. Bí wọ́n ṣe gba àwọn ìwé náà nìyẹn, láì sí ẹ̀tàn kankan nínú rẹ̀.

Lọ́rì kó wọn dé nínú àpótí pákó, wọ́n sì fi èmi ṣe olùtọ́jú nítorí pé mo ka ilé ìwé módà. Inú mi dùn débi pé n kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Ìwé ìtàn wà níbẹ̀, ìwé àwòrán ẹranko, ìwé iṣẹ́ oko, ìwé ìtọ́jú ọmọ. Ti òyìnbó ló pọ̀ jù, ti èdè wa kò ju ìwọ̀nba lọ. Ìgbìmọ̀ pàṣẹ pé ọ̀sán ni kí n máa ṣílẹ̀kùn, kí ẹni tó bá fẹ́ kàwé wá jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ mímọ́. Ta ló ráyè ọ̀sán nílùú wa? Àgbẹ̀ wà lóko, ọlọ́jà wà lọ́jà, àwọn ọmọ wà nílé ìwé. Oṣù àkọ́kọ́ kọjá, èmi àti alángbá nìkan là ń wo ojú ara wa. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í yá àwọn ènìyàn ní ìwé lọ sílé, mo sì ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn obìnrin ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n bá ti ọjà dé. N kò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìgbìmọ̀ kò kàn bi mí ni.

Ilé náà wá gba ẹ̀mí, Bọ́látitó. Àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Bẹ̀llò fẹsẹ̀ rìn wá láti Odò-Ọwá nítorí ìwé tó sọ nípa àrùn tó ń mú kòkó rà lórí igi. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló ń kà á fún un lóko, òjò sì ká wọn mọ́bẹ̀. Ó dá a padà ní wíwú, pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ àti iṣu, ó sì tún yá òmíràn. Ṣùgbọ́n Nùsírátù ni mo fẹ́ sọ fún ọ. O mọ̀ ọ́n, ìyàwó kékeré Ọ̀ṣẹ́nì, èyí tó ń ta epo lẹ́nu ọjà. Kò wọ ilé ìwé rí láyé rẹ̀. Ọmọ méjì ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹ̀kẹta ló pọ̀n wọlé tọ̀ mí wá. Ó nàka sí ìwé kan tí wọ́n ya ọmọ ọwọ́ sí lẹ́yìn, ó ní, "Kí li ùwé èyí í wí nípa ọmọ?" Mo kà á fún un. Ó tún wá lọ́jọ́ kejì, mo tún kà á. Nígbà tó yá, ó ní òun kò fẹ́ kí n máa kà á fún òun mọ́, ó ní kí n kọ́ òun.

Ìwé náà kò nípọn, èdè wa ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Kí iṣu tuntun tó jáde, Nùsírátù ti ń kà á fúnra rẹ̀, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń fọ ọwọ́ kó tó jókòó, ṣùgbọ́n epo tó ti wọ èékánná kì í tètè kúrò, ojú ìwé sì ń pọ́n díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n ti rí i, àwọn obìnrin yòókù tẹ̀lé e wá. Ọmọ ọ̀kan nínú wọn já igun ìwé ẹranko jẹ, a rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wa. Àwọn ìwé tí wọ́n ń lò kò dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ mọ́ bí a bá ṣí wọn, wọ́n ti rọ̀ bí aṣọ àlòkù. Mo fẹ́ràn wọn bẹ́ẹ̀.

Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ránṣẹ́ pé àlejò ń bọ̀, òyìnbó obìnrin kan. Ìgbìmọ̀ wá yẹ ilé wò, ìgbà àkọ́kọ́ tí gbogbo wọn máa wọ ibẹ̀ pọ̀ láti ọjọ́ ìṣílé nìyẹn. Bàbá Bámigbóyè mú ìwé Nùsírátù, ó fi ìka méjì gbé e bí ẹni gbé òkú èkúté. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó kọjú sí mi, ó ní, "Àmúdà, kí li a á wí fún àlejò?" Mo ní a ó sọ fún un pé a ti kà á. Ó mi orí, ó ní, "Ẹni ó jẹun yó kì í gbé àwo àìfọ̀ han ẹni ó fún un lónjẹ." Gbogbo ìgbìmọ̀ kan sáárá sí i. Lójú ọ̀nà ilé ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wí fún ara mi pé ìwé kì í ṣe àwo, a kì í fọ̀ ọ́.

Ìlú tún dìde gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti dìde nígbà ìkọ́lé. Wọ́n fi ẹfun kun ògiri, wọ́n gbá àgbàlá, wọ́n nu pẹpẹ títí ó fi ń dán. Wọ́n ṣa gbogbo ìwé tí ọwọ́ ti bà jáde, wọ́n rọ́ wọn sínú àpò ìdọ̀họ tí wọ́n fi ń di kòkó, wọ́n gbé wọn sọ sínú àká Bàbá Bámigbóyè. Àwọn tí ẹnikẹ́ni kò ṣí rí ló kù lórí pẹpẹ, àwọn ìwé gbàǹgbà gbàǹgbà nípa òfin àti nípa àwọn ọba òyìnbó tó ti kú tipẹ́. Ní ti àwọn obìnrin, ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n máa lọ sí ọjà Àrámọkọ lọ́jọ́ náà, kí àlejò má bàa bá epo àti ọmọ tí ikun ń dà nímú rẹ̀ nílé ìwé kíkà. Wọ́n tilẹ̀ ṣe é bí oore, ìgbìmọ̀ ló san owó lọ́rì. Bẹ́ẹ̀ Nùsírátù ti ń fi ojú ewé kan dánra wò láti ìgbà tó ti gbọ́ ìròyìn náà. Ó ní òun fẹ́ kà á fún òyìnbó obìnrin náà, kó lè mọ̀ pé ọrẹ òun kò ṣòfò. Mo lọ kúnlẹ̀ fún Bàbá Bámigbóyè pé kó jẹ́ kí ọ̀kan ṣoṣo yìí dúró. Ó ní kí n dìde nílẹ̀, ó ní mo ti ṣe tèmi. Bàbá mi náà ní kí n má bá àgbà du ọ̀rọ̀ mọ́. Bí lọ́rì ṣe kó wọn lọ ní àárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn, Nùsírátù wà láàárín wọn pẹ̀lú agbè epo rẹ̀.

Àlejò dé kí oòrùn tó mú. Ìyá kan ni, irun rẹ̀ ti funfun, ohùn rẹ̀ tutù. Kì í ṣe ènìyàn búburú, mo fẹ́ kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀, bí inú tilẹ̀ ń bí mi sí i. Ó kí gbogbo wa, ó rìn lọ sídìí pẹpẹ, ó mú ìwé kan, ó ṣí i. Ẹ̀yìn ìwé náà dún. Ó mú òmíràn, àwọn ojú ewé kan ṣì lẹ̀ mọ́ra wọn bí wọ́n ti ti ilé ìtẹ̀wé jáde. Ó béèrè pé ta ní ń ka àwọn ìwé wọ̀nyí. Bàbá Bámigbóyè fi gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tó já gaara dáhùn pé gbogbo ìlú ni, pé a sì tọ́jú wọn débi pé ọwọ́ ẹlẹ́gbin kankan kò kàn wọ́n. Ó fi ayọ̀ sọ ọ́, o ò bá rí ojú rẹ̀. Ìyá náà yíjú sí àwọn ọmọ ilé ìwé tí wọ́n tò sílẹ̀ nínú aṣọ funfun, ó ní kí ọ̀kan nínú wọn fi ìwé tó fẹ́ràn jù han òun. Wọ́n ń wo ojú ara wọn. Púpọ̀ nínú wọn kò wọ ibẹ̀ rí.

Ara mi kò gbà á mọ́. Mo sọ̀rọ̀. Mo fi gẹ̀ẹ́sì sọ fún un pé àwọn ìwé mìíràn wà tí a ti kà dáadáa, pé inú àká ni wọ́n wà. Ìyá náà ní òun á fẹ́ rí wọn. Wọ́n lọ gbé àpò kan wá, nítorí wọn kò lè kọ̀ fún àlejò, wọ́n sì dà á sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Bọ́látitó, mo rò pé òtítọ́ ni mo fẹ́ fi hàn án. Ohun tó já bọ́ látinú àpò ìdọ̀họ náà ni ìwé tó ká, ìwé tí èèpo rẹ̀ ti ya, erùpẹ̀ kòkó lára wọn, epo lára wọn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ìwé ọmọ ọwọ́, ó wo àwọn ojú ewé pupa náà. Ó bi Bàbá Bámigbóyè pé kí ló ṣe àwọn wọ̀nyí. Ìtìjú ti mú àgbàlagbà náà. Ó ní àwọn tó bàjẹ́ ni, a ti kó wọn dànù, kó forí jì wá. Mo ní rárá, àwọn tí a kà nìyẹn. Ó bi mí pé níbo ni àwọn tó kà á wà. Mo ní wọ́n wà lọ́jà Àrámọkọ. Ó wò mí tàánútàánú, bí a ti ń wo ẹni tó ń wá bí iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣe ní bọ́, kò sì béèrè nǹkan mìíràn.

Kò dúró tó ìwọ̀n ìgbà tí iṣu fi ń jinná. Ohun tó ń bí mi nínú sí i nìyẹn. Ẹni tó la òkun kọjá nítorí àwa, kò lè dúró kí lọ́rì ti ọjà dé? Bí ọ̀rọ̀ ìrànwọ́ wọn yìí ṣe rí nìyí, wọ́n á fún ọ lónìí, wọ́n á wá fi ojú wò ọ́ lọ́la bóyá o yẹ. Àwa náà sì wẹ̀ fún wọn, a para, a lé àwọn tó kàwé kúrò nílé nítorí kí wọ́n lè gbà pé a ń kàwé. Èwo ni kí n kọ́kọ́ bínú sí nínú méjèèjì?

Níparí oṣù tó kọjá ni lọ́rì wọn dé. Wọ́n ní ìrànwọ́ ti dáwọ́ dúró, wọ́n á kó àwọn ìwé lọ sí ìlú tí wọn yóò ti lò wọ́n. Wọ́n kó gbogbo èyí tó wà lórí pẹpẹ. Wọn kò fẹ́ àwọn tó wà nínú àpò, wọ́n ní kò yẹ ní gbígbé. Iṣẹ́ mi parí lọ́jọ́ náà. Ìlú sì ti pinnu ẹni tó jẹ̀bi, èmi ni. Wọ́n ní bí kì í bá ṣe ẹnu mi tí n kò lè pa mọ́, àlejò ì bá ti lọ tayọ̀tayọ̀, wọ́n ní mo mú àlejò wọ ẹ̀yìnkùlé ilé wa. Bí mo bá kọjá, àwọn kan á máa wúkọ́. Bàbá Bámigbóyè kò bú mi. Ó rù sí i, kì í sì í jáde mọ́. Ó wù mí kó jẹ́ ìkà kí n lè kórìíra rẹ̀ tán, kò jẹ́ ìkà. Àpò kòkó ni wọ́n ń tò sínú ilé náà báyìí, orúkọ gbogbo ẹni tó dáwó wà lára ògiri lókè wọn, tìrẹ náà wà níbẹ̀.

Bá mi kí ẹ̀gbọ́n rẹ àti ìyàwó rẹ̀, fi ẹnu kan àwọn ìbejì lẹ́rẹ̀kẹ́ fún mi. Kí Ayọ̀bọ́lá tí ẹ jọ ń sùn ní yàrá, sọ fún un pé mo rí àwọ̀tẹ́lẹ̀ tó fi ránṣẹ́ gbà, ó bá mi mu. Ìyá mi ní kí o má jẹ́ kí oorun dín lójú rẹ. Bí o bá ń bọ̀ ní ọdún tuntun, má bá ìgbìmọ̀ jà, wọn kò ní gbọ́. Wá sílé tààrà.

Mo ti fẹ́ ká bébà yìí, ṣùgbọ́n ohun tí mo ń sá fún láti ìbẹ̀rẹ̀ kò jẹ́ kí n lẹ̀ ẹ́. Mo lọ kó àwọn àpò náà kúrò nínú àká, ẹnikẹ́ni kò dá mi dúró. Mo nu àwọn ìwé náà, mo tò wọ́n sí yàrá mi, mo ránṣẹ́ sí àwọn obìnrin pé kí wọ́n máa bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ bí a ti ń ṣe. Kò sí ẹni tó wá. Ní ọjọ́ Jímọ̀, mo gbé ìwé ọmọ ọwọ́ lọ bá Nùsírátù nídìí epo rẹ̀. Bó ti rí i lọ́wọ́ mi, ó fà sẹ́yìn, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Mo ti gbọ́ o. Epo ọwọ́ mi li ó lé àlejò lọ. Má jẹ́ kí n tún kàn án." Mo ní irọ́ ni, mo fi ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Ó ní bí mo bá ráyè, kí n ka ojú ewé yẹn fún òun, èyí tí òun fẹ́ kà fún àlejò. Mo dúró lẹ́nu ọjà, mo ń kà á. Nígbà tí mo dánu dúró láti mí, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó ti ń sọ ọ̀rọ̀ tó kàn, ó sì ń bá a lọ láì wo ìwé títí ojú ewé náà fi tán. Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí ọkàn rẹ̀ kò tíì balẹ̀,

Àmúdálátù